Ìyá Ni Wọ́n Rán Wá

Nígbà tí ìbọn ń dún, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù ilẹ̀kùn ní ìlú wa. Ìgbà tí ìbọn dákẹ́ ni ẹ̀rù ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀. Àwa àti ìjọba òdìkejì odò ti jọ ṣe àdéhùn pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yìnbọn sórí omi mọ́ títí ọ̀rọ̀ á fi lójútùú. Àwọn èèyàn wa gbọ́, wọ́n yọ̀, wọ́n ń tún òrùlé ṣe, wọ́n ń kun ògiri, wọ́n ń sọ fún ara wọn pé ogun ti tán. Irọ́ ni. Ogun ò tán, ó kàn bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ni, kí a má baà gbọ́ ìró rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀.

Aláró ni wọ́n kọ́kọ́ pa. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ ni. Àwọn méjì wọlé bá a lójú ọ̀sán bí oníbàárà, wọ́n ní kó fi aró tó dúdú jù han àwọn, bó sì ti bẹ̀rẹ̀ wo inú ìkòkò ni wọ́n tẹ orí rẹ̀ bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni tíṣà kan jáde nílé tí kò dé ilé ẹ̀kọ́. Bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan la rí létí odò. Ohun tó so àwọn méjèèjì pọ̀ kò ju ọ̀kan lọ: òdìkejì odò ni wọ́n bí wọn sí, wọ́n sá kúrò níbẹ̀, wọ́n wá búra níwájú wa, wọ́n sì di ọmọ ìlú bíi tèmi tìrẹ.

Nígbà tí àwọn ikọ̀ wa lọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìjọba òdìkejì, wọ́n fún wọn ní àga, wọ́n fún wọn lómi mu, wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn.

"Ọmọ wa ni àwọn tí ẹ ń wí yẹn," ni wọ́n wí. "Ta ló ń jí ọmọ ara rẹ̀ gbé?"

Èsì yìí ni Ọ̀gágun gbé wá sí ìgbìmọ̀. Yàrá òkè ilé ẹnubodè ni wọ́n ti ń ṣèpàdé, yàrá tóóró tí òórùn ẹ̀tù ìbọn kì í kúrò nínú rẹ̀, tí fèrèsé rẹ̀ kan ṣoṣo kọjú sí odò. Ọ̀gágun jókòó sórí àpótí ọta, àwọn àgbà ìgbìmọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Olórí ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè ló dúró ti ilẹ̀kùn. Òun ni gbogbo ìlú ń pè ní Dúró-ná, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọjá nìyẹn. Wọ́n ní nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí àkọ́bí, ó ní kí ọmọ náà dúró ná.

Ẹni tí ìpàdé náà dá lé lórí jókòó sí kọ̀rọ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ojú rẹ̀ sì wà lára ilẹ̀kùn. Agbẹ́kànga là ń pè é. Kó tó di agbẹ́kànga wa, òun ni olórí àwọn tó ń walẹ̀ fún ọmọ ogun òdìkejì. Iṣẹ́ burúkú ni. Wọ́n á wa ihò láti òkèèrè títí dé abẹ́ ògiri ìlú, wọ́n á fi igi gbé ilẹ̀ ró, wọ́n á ti iná bọ igi náà, ògiri á sì wó lulẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó wà lórí rẹ̀. Ó ti wó ògiri ìlú tó pọ̀ kí wọ́n tó ní kó wó tiwa. Lọ́jọ́ tó gba abẹ́ odò dé abẹ́ wa, ó gbọ́ igbe ọmọ ọwọ́ láti inú ilẹ̀, ó sì gbọ́ ìyá tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó gbé dígà rẹ̀ kalẹ̀, ó jáde sẹ́yìn, ó sì lúwẹ̀ẹ́ wá bá wa.

Àtìgbà náà ló ti ń gbẹ́ kànga fún wa. Ó fẹ́ ìyàwó, obìnrin tó ń po ọṣẹ ní òpópónà àwọn ahunṣọ. Apá rẹ̀ ọ̀tún ti yẹ̀ rí nígbà tí àpáta ya lù ú, kò sì padà sípò dáadáa. Nítorí náà, ó máa ń sọ dígà lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, á sinmi, á wá sọ ẹ̀kan tó wúwo. Bí ẹ bá ń kọjá lọ tí ẹ gbọ́ ọ láti inú ihò, ẹ ò ní béèrè ẹni tó wà níbẹ̀.

Òun náà ló kọ́ wa bí a ṣe ń ṣọ́ ilẹ̀. Ní abẹ́ ògiri àríwá, ó kọ́ yàrá kékeré kan, ó bu omi sínú àwo fífẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ fi ń po ọṣẹ tẹ́lẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán. Bí ẹnikẹ́ni bá ń walẹ̀ bọ̀, etí lè má gbọ́, ṣùgbọ́n ojú omi á máa mì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo náà ló gbẹ́ kòtò jíjìn kan sí, ó fa omi odò kékeré tó gba inú ìlú kọjá wá sẹ́nu rẹ̀, ó sì fi pákó nípọn ṣe ilẹ̀kùn dá omi náà dúró. Ẹni tó bá walẹ̀ dé ìsàlẹ̀ kòtò yẹn, tí a bá gbé pákó sókè, kò ní rí ojú ọ̀run mọ́. Ìwọ̀nba wa la mọ̀ pé kòtò náà wà. Òun nìkan ló mọ ibi tí ìsàlẹ̀ kòtò náà dé.

"Òun ló kàn," ni Ọ̀gágun wí, ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí i. "Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ fi í sí bárékè, kí n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn."

Àgbà tó dàgbà jù nínú ìgbìmọ̀ wúkọ́. "Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún ara wa. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni. Bí a bá dá a padà fún àwọn tó ni ín, bóyá a ó rí oorun sùn."

"Baba, ẹ dúró ná," ni Dúró-ná wí. "Lónìí, òun ni. Lọ́la, ẹni tó bá a ra omi ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó búra, a gba ìbúra rẹ̀. Àwa la ni ín."

Agbẹ́kànga dìde wàyí, ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, kódà fún èyí tó fẹ́ tà á.

"Ọ̀gágun, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n inú ihò ni mo ti lo ìgbà èwe mi. Mo wá sí ìlú yìí kí n lè máa rìn lójú títì bí èèyàn ni. Bí ẹ bá tì mí mọ́lé, àwọn ará ọ̀hún ò ní láti wá mọ́. Wọ́n ti mú mi nìyẹn."

Dúró-ná ló mú ìbọn rẹ̀ láti ara ògiri, ó gbé ọwọ́ lé irin rẹ̀.

"Níwọ̀n ìgbà tí ojú mi bá là, kò sẹ́ni tó máa gbé ọ kọjá ẹnubodè yìí. Bí mo bá yẹ̀ é, kí irin yìí yẹ̀ mí lójú ogun."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n," ni Agbẹ́kànga wí. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí náà. Bí wọ́n bá gbé mi, wọn ò ní pa mí kíákíá bíi ti aláró. Iṣẹ́ ni wọ́n á fún mi. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbọ́ dígà nísàlẹ̀ ògiri, ẹ má béèrè ẹni tó mú un lọ́wọ́. Ẹ ṣí omi. Ẹ búra ìyẹn náà."

Dúró-ná búra ìyẹn náà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́.

Wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ, ìgbìmọ̀ wa sì gbà pé àwọn ti gbọ́ tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń tú ẹrù gbogbo ẹni tó bá ń wọlé. Wọ́n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ alápatà, wọ́n gba abẹ́ lọ́wọ́ onígbàjámọ̀, wọ́n ní kí ẹni tó bá gbé ohun mímu wá kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀. Gbogbo wọn gbà pé òru ni olè ń jà, nítorí náà Dúró-ná fúnra rẹ̀ gba iṣẹ́ òru, ó sì fi ọ̀sán sílẹ̀ fún igbákejì rẹ̀. Gbogbo àṣẹ tí wọ́n pa, lórí ohun tó ń wọlé ni. Kò sí ọ̀kan lórí ohun tó ń jáde.

Agbẹ́kànga náà ń ṣọ́ ara rẹ̀. Kì í kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Ọ̀nà tó bá gbà lọ síbi iṣẹ́, kì í gbà á bọ̀. Kì í jẹ oúnjẹ ẹlòmíràn àfi ti ìyàwó rẹ̀, á sì tún gbóòórùn omi kó tó mu ún. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Àwọn aládùúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Agbẹ́kànga," ni ahunṣọ tó ń gbé ilé kejì máa ń wí, "ṣé ọ̀nà ilé rẹ ló tún sọnù lónìí?"

Òun náà á rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ ni àwọn méjèèjì, wọ́n jọ ń jókòó lórí pèpéle nírọ̀lẹ́.

Báyìí ni nǹkan ṣe wà tí ìyá àgbàlagbà kan fi dé ẹnubodè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí Dúró-ná ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́. Ọkùnrin mẹ́ta tẹ̀ lé e: méjì tó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni wọ́n, àti ẹnì kan tó rọra ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń pè ní oníṣègùn.

"Ẹ dúró ná, ìyá. Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

"Láti òdìkejì ni, ọmọ mi. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ọmọ mi ni mo wá wò."

"Ta ni ọmọ yín?"

Ó sọ ọ́. Ẹ̀ṣọ́ kan fa ìbọn rẹ̀ mọ́ra, ṣùgbọ́n Dúró-ná gbọ́wọ́ sókè. Ó ní bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni, kó sọ àmì ara ọmọ náà. Ìyá náà fi ìka kan ẹ̀yìn etí ara rẹ̀ lápá òsì. Ó ní àmì dúdú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n bí i mọ́, ó dà bí hóró ẹ̀wà, òun máa ń fẹnu kò ó níbẹ̀ kó tó sùn. Omi bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, omijé gidi. Dúró-ná rán èèyàn lọ pe Agbẹ́kànga.

Agbẹ́kànga dé, ó dúró lókèèrè bó ṣe máa ń dúró. Ìyá náà ò sáré bá a. Ó kàn ń kì í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni.

"Ọmọ awalẹ̀-kan-omi. Ọkùnrin tí ilẹ̀ mọ ọwọ́ rẹ̀. Ṣé o ò ní jẹ́ kí n rí ojú rẹ kí n tó kú?"

Ọkùnrin tí kì í kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn kọ ẹ̀yìn sí gbogbo ayé lọ́jọ́ yẹn. Ó ṣubú lulẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, ó ń ké bí ọmọdé. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wojú ara wọn, Dúró-ná sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. Wọ́n tú ẹrù wọn, wọn ò bá ọ̀bẹ kankan níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni lóòótọ́. Ohun tó burú jù nínú ìtàn yìí nìyẹn.

Àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà lọ dé sí ilé àlejò. Ìyá dé sílé ọmọ rẹ̀. Ó ń gbálẹ̀, ó ń pọnmi, ó sì ń lọ kí àwọn aládùúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ilé kọ̀ọ̀kan, á jókòó, á kẹ́dùn, á rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ bá mi fara dà á fún ọmọ mi. Ọmọ tó máa ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín ni tẹ́lẹ̀. Ogun yìí ló ba orí rẹ̀ jẹ́. Ṣé ẹ̀yin náà ò rí i? Kì í fi ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Ó ń gbóòórùn omi. Ó ní àwọn kan ń bọ̀ wá gbé òun. Ọjọ́ tó bá dìde sí i gan-an, ẹ dákun, ẹ má lù ú. Ẹ kàn bá mi dì í mú."

Àwọn èèyàn rò ó, wọ́n sì rí i pé gbogbo rẹ̀ bá ohun tí ojú àwọn ń rí mu. Ahunṣọ sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ti fi ọ̀rẹ́ òun ṣe yẹ̀yẹ́ jù, òun ò mọ̀ pé àìsàn ni. Igbákejì Dúró-ná, tó ń gbé òpópónà kan náà, gbọ́ ọ, àánú sì ṣe é.

Ẹnì kan ṣoṣo tí ara rẹ̀ ò balẹ̀ ni ìyàwó Agbẹ́kànga. Ó rí i pé ìyá ọkọ òun máa ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, á jókòó ti ọmọ rẹ̀ tó ń sùn, á sì máa wò ó bí ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò.

"Màmá, ṣé kò sí nǹkan?" ló bi í lẹ́ẹ̀kan.

"Kò sí nǹkan, ìyàwó mi. Ọmọ kì í sú ìyá í wò ni."

Kí ló tún kù tí ìyàwó lè sọ? Ìyá ọkọ ni. Bó bá sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ara fu òun sí ìyá rẹ̀, ojú wo ni wọ́n á fi wò ó? Ó pa á mọ́ra. Wọ́n ní bí ikú ilé ò bá pa ni, tòde ò lè pa ni, ṣùgbọ́n ta ló máa ń ka ìyá mọ́ ikú?

Ọjọ́ tí ìyàwó gbé ọṣẹ lọ sọ́jà ni wọ́n ṣe é. Ọ̀sán ni. Ìyá po nǹkan mímu kan fún ọmọ rẹ̀, Agbẹ́kànga sì mu ún láì gbóòórùn rẹ̀, nítorí pé ọwọ́ tó kọ́kọ́ bọ́ ọ láyé ló gbé e fún un. Bó ṣe ń gbé ife kalẹ̀ ni àwọn mẹ́ta wọlé. Ó wo ojú wọn, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ìyá gbé ojú kúrò, gbogbo rẹ̀ sì yé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wúwo, síbẹ̀ ó já mọ́ wọn lọ́wọ́, ó bọ́ sí òpópónà.

"Ẹ gbà mí o! Ará òdìkejì ni wọ́n! Wọ́n fẹ́ gbé mi lọ!"

Ilẹ̀kùn ṣí lọ́tùn-ún lósì. Gbogbo òpópónà ló jáde. Ohun tí ìyá ti sọ fún wọn pé á sọ gan-an ló ń sọ yìí. Ìyá dé lẹ́yìn rẹ̀, gèlè ti tú lórí rẹ̀, ó ń sunkún.

"Ó ti dé o. Ẹ bá mi dì í mú. Ẹ má pa á lára."

Wọ́n sì dì í mú. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi tán, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè dárí jì wọ́n tán. Ta ló ń gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nítorí pé ọmọ náà ń pariwo? Ọkùnrin tó lágbára ni Agbẹ́kànga, ó gba èèyàn púpọ̀ kó tó dùbúlẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi okùn dè é, ahunṣọ ló ní rárá, okùn á bó o lára. Ó sáré wọlé, ó mú aṣọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ lórí òfì, ó ya á, òun fúnra rẹ̀ ló sì di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́," ló ń wí fún un. "Pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Ara rẹ á yá."

Agbẹ́kànga wò ó. Ahọ́n rẹ̀ ti kú nígbà yẹn. Wọ́n gbé e sórí ọmọlanke, wọ́n da aṣọ bò ó nítorí oòrùn, àwọn kan tilẹ̀ bá wọn ti ọmọlanke náà dé ẹnubodè. Igbákejì Dúró-ná rí ìyá tó ń sunkún, ó rí àwọn aládùúgbò tirẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì bu omi fún ìyá náà mu kó tó lọ. Dúró-ná wà ní yàrá òkè. Ó ti ṣọ́ òru mọ́jú, ó ń hanrun.

Nígbà tí ìyàwó ti ọjà dé, àwọn obìnrin òpópónà yí i ká.

"Pẹ̀lẹ́, ìyàwó. Ó dìde sí i gan-an lónìí. Ṣùgbọ́n a bá yín dì í mú dáadáa, kò fara pa rárá. Màmá ti gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti tọ́jú rẹ̀."

Igbá ọṣẹ bọ́ lórí rẹ̀. Kò dúró ṣà á. Ó sáré gba ẹnubodè kọjá àwọn ẹ̀ṣọ́, ó gun àtẹ̀gùn, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá Dúró-ná láyà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jí. Wọ́n ti gbé e."

Nígbà tí Dúró-ná dé etí odò láì wọ bàtà, ìbọn lọ́wọ́, ọkọ̀ ti dé àárín omi. Àwọn mẹ́ta ń wà á, oníṣègùn wọn náà ti di atukọ̀. Ìyá jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, orí ọmọ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Dúró-ná mọ̀ pé bí òun bá yìnbọn, àdéhùn ti fọ́, ogun ti padà. Ó gbé ìbọn síbẹ̀síbẹ̀. Àwọn atukọ̀ ló fojú sùn. Ni ìyá bá dìde, ó na ìró rẹ̀ bo ọmọ àti àwọn tó gbé e.

"Ọmọ mi, má yìnbọn," ló ké láti orí omi. "Àbúrò rẹ̀ obìnrin wà lẹ́wọ̀n lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti búra fún mi pé bí mo bá mú un wá, wọn ò ní pa ìkankan nínú àwọn méjèèjì."

Ìka Dúró-ná ò lè tẹ̀ ẹ́. Òun náà ní ìyá nílé. Ó dúró síbẹ̀ títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀ ní ọ̀hún, ìyàwó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò bú u, kò sunkún.

A ránṣẹ́ lọ fẹjọ́ sùn. Èsì wọn kò pẹ́. Wọ́n ní, "Ìyá rẹ̀ ló wá mú un. Ṣé ìyá náà lẹ fẹ́ pè ní ajínigbé?" Láti ìgbà yẹn, àwọn ẹ̀ṣọ́ wa ń rí ìyá àgbà kan ní etí odò lọ́hùn-ún, á jókòó sórí òkúta láàárọ̀, á sì wà níbẹ̀ títí di alẹ́, kò sí ọmọ kankan lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sí ọkùnrin, kò sí obìnrin. A mọ irú ìbúra tí wọ́n ṣe fún un.

Ìyàwó gba yàrá abẹ́ ògiri. Ó ní iṣẹ́ ọkọ òun ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá òun du ú. Àwọn tó mọ̀ nípa kòtò náà ń bẹ̀rù. Bí wọ́n bá ti jẹ ẹ́ níyà, wọ́n ní, á ti sọ ibi tí kòtò wà, wọ́n á sì gba ibòmíràn wá. Ahunṣọ ò hun aṣọ mọ́. Ó máa ń wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, obìnrin náà ò sì lé e, kò sì bá a sọ̀rọ̀.

Ọ̀sán kan, ìyàwó jáde, ó ní kí wọ́n pe Dúró-ná. Dúró-ná bá a lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Ojú omi ń mì. Ó mì lẹ́ẹ̀mejì kíákíá. Ó dákẹ́. Ó mì lẹ́ẹ̀kan, ó sì tàn dé etí àwo.

Dúró-ná kúnlẹ̀. Nígbà tó yá, wọn ò tilẹ̀ nílò àwo mọ́, ìró náà ń gòkè bọ̀ láti inú kòtò. Àwọn tó ń walẹ̀ fún ogun máa ń fi aṣọ wé dígà kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́. Èyí ń dún gbangba. Ìsàlẹ̀ kòtò gan-an ló sì wà, ilẹ̀ tó dá wọn láàárín kò ju ìnípọn ògiri yàrá lọ. Òun nìkan ló mọ ibi tí ẹsẹ̀ kòtò náà dé, ibẹ̀ ló sì kó gbogbo wọn wá.

"Kò sọ fún wọn," ni ìyàwó wí.

"Dúró ná," ni Dúró-ná wí. "Bóyá òun nìkan ló wà níbẹ̀. Bóyá ó ń sá bọ̀ ni. Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ ká dúró ná."

Wọ́n tẹ́tí. Lẹ́yìn dígà náà, wọ́n gbọ́ àwọn mìíràn, wọ́n pọ̀, a fi aṣọ wé wọn, wọ́n sì ń gbá igi mọ́ ilẹ̀. Igi tí wọ́n á ti iná bọ̀ ni.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ìyàwó wí, "kì í ṣe pé kí ẹ dúró ló ní kí ẹ búra sí."

Ó gbé àwo náà nílẹ̀. Ó gbé e dé ẹnu kòtò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí inú òkùnkùn. "Ọmọ awalẹ̀-kan-omi," ló pè. Kò pariwo, ó pè é bí ẹni ń pe ọkọ wá jẹun ni. "Ọkùnrin tí ilẹ̀ mọ ọwọ́ rẹ̀. Mo gbọ́ ọ."

Dígà dá dúró. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Obìnrin náà da omi àwo sínú kòtò, gbogbo rẹ̀. Ó gbé àwo mọ́ àyà, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún Dúró-ná, ọkùnrin náà sì di pákó mú. Ahunṣọ wọlé láti ẹnu ọ̀nà láì jẹ́ pé a pè é, ó bá a di ẹ̀gbẹ́ kejì mú, nítorí pé ẹnì kan ò lè dá gbé e.

Nísàlẹ̀, dígà ró lẹ́ẹ̀mejì, ó sì sinmi, bó ṣe máa ń sinmi. Kí ẹ̀kan tó wúwo tó dún, omi ti dé ibẹ̀.